Dákẹ́: Ohun tí ojú mi rí níbi tí mo ti ń hùmọ̀ oògùn tí kò sí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ìtàn yẹn ò dáa rárá. Ìtàn nípa ìlú kan ni, ìlú tí kò sí níbì kankan láyé yìí, tí ìjọba ibẹ̀ ń pín oògùn ìrora kan fún gbogbo òṣìṣẹ́. Orúkọ tí ìjọba sọ ọ́ ni Ìtura, ṣùgbọ́n Dákẹ́ ni àwọn èèyàn ń pè é lábẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan, torí ìrora lèèyàn kọ́kọ́ ń sọ fún pé kó dákẹ́, nígbà tó bá yá èèyàn náà á wá dákẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Mo wá kọ ọ́ pé ẹni tó bá fi ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan péré ti di ẹrú, ojú ẹ̀ á pọ́n wẹ̀, á máa fi èékánná ha ògiri, á lu ìyá ẹ̀ tà, gbogbo ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ní kí n jẹ́ kí oògùn náà máa tàn yòò nínú òkùnkùn, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo fi ránṣẹ́ sí àǹtí mi kan. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ọjọ́ mẹ́ta wọn ò dá mi lóhùn. Ìgbà tí wọ́n máa pè mí lórí fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Oògùn tó burú tó báyìí, ta ló máa gbé e mì?"

Mo ní ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìjọba ló ń fipá mú wọn. Wọ́n ní rárá, pé kò sẹ́ni tó ń fipá mú ẹni tí eegun ẹ̀ kán kó tó gba oògùn, òun ló máa bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kí oògùn mi dẹ́rù bani lóòótọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kó ṣiṣẹ́ gan ni, débi pé ẹni tó ń ka ìtàn náà á ti máa ní in lọ́kàn pé ì bá dáa kóun rí díẹ̀ nínú ẹ̀.

Ó yẹ kí n ti mọ ìyẹn ṣá, torí mo ti dé ibẹ̀ rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, eegun ojúgun mi kán sí méjì, wọ́n là á wọ́n fi irin sí i. Mi ò ní fi ìtàn ọsibítù da yín láàmú, alẹ́ kan péré ni mo fẹ́ sọ. Alẹ́ ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni. Mo ń ka àwọn ihò kéékèèké tó wà lára àjà lókè orí mi, mo ti kà á kọjá igba, torí tí mo bá fi lè dẹ́kun kíkà báyìí, ìrora yẹn á tún padà di gbogbo ohun tó wà láyé. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, kò tan iná ńlá, ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó tì í sínú rọ́bà dírípù tó wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe tutù gba inú apá mi gòkè lọ. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò tíì rí bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ tán títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ìrora náà ò lọ o. Ó wà níbẹ̀. Ó kàn dìde kúrò lára mi ni, ó lọ jókòó sórí àga lọ́ọ̀ọ́kán, bí àlejò tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló wá. Mò ń wò ó, ó ń wò mí, kò kàn mí. Èyí tó wá jẹ́ ìyanu fún mi ni pé kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Gbèsè tó wà lọ́rùn mi, ìjà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó ti pé ọdún mẹ́ta, ẹ̀rù pé mi ò ní lè rìn dáadáa mọ́, gbogbo wọn tò lọ jókòó lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Torí ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi lóògùn, ó bá mi tún gbogbo ilé ṣe.

Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹkún ayọ̀ ni.

Wọ́n fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì lọ sílé, mo lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tán, mo gbàgbé ẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Kì í ṣe yíyán ẹni tí oorun ń kùn o, mo ti sùn dáadáa, yíyán tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ̀ já ni, lọ́nà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan. Imú mi ń ṣomi, omi ń dà lójú mi, irun apá mi dìde dúró ṣánṣán, òtútù ń mú mi mo sì ń làágùn, lálẹ́ ẹsẹ̀ mi méjèèjì ò gbé jẹ́ẹ́, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dá jáde lọ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ọ̀fìnkìn ni. Mo pe àǹtí mi pé oògùn ọ̀fìnkìn wo ló dáa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Ọ̀fìnkìn kọ́. Ara ẹ ló ń bi ẹ́ pé oògùn òun dà."

Ẹ̀rù bà mí, mo ní ṣé mo ti di ẹni tó ń jẹ oògùn nìyẹn? Wọ́n ní rárá o, wọ́n wá là á yé mi, ohun tí mo sì kọ́ lẹ́nu wọn lọ́jọ́ yẹn ni òpó tí gbogbo ìtàn náà padà wá dúró lé. Kí ara mọ oògùn lára yàtọ̀ sí kí oògùn gba èèyàn lọ́wọ́ ara ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹn lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá lo irú oògùn yẹn pẹ́ díẹ̀, ìyá arúgbó, sọ́jà, kódà ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tó jẹ́ pé ìyá ẹ̀ ló ń lò ó nígbà tó wà nínú oyún. Kì í ṣe ìwà burúkú, ara ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ìkejì ni pé kéèyàn rí i kedere pé nǹkan yìí ń ba ayé òun jẹ́, kó tún máa wá a kiri, kó má lè dá ara ẹ̀ dúró. Ìkíní lè wà láìsí ìkejì. Èmi ìkíní ni mo ní, fún bí ọjọ́ márùn-ún, ó sì lọ. (Kì í ṣe pé mo ṣe ọlọ́gbọ́n o, tábúlẹ́ẹ̀tì tán ni. Ká ní ó kù, mi ò lè búra.)

Mo padà sídìí ìtàn mi, mo pa gbogbo ojú pípọ́n àti èékánná ara ògiri yẹn rẹ́, títí kan iná tó ń tàn yòò. Yíyán ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Tí èèyàn bá dá oògùn irú yìí, èyí tí kì í pẹ́ lára, dúró, ìyà ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 8 sí 24 tí wọ́n ti lò ó kẹ́yìn, á wá le jù lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta, á máa rọlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá fi ojú ìjọba burúkú wo iye wákàtí yẹn. Ní ìlú inú ìtàn mi, ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá parí iṣẹ́ ni wọ́n ń fún un ní tiẹ̀, ní ẹnu géètì, ti ọjọ́ kan péré. Ẹni tí kò bá wá síbi iṣẹ́ lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ó ti ń yán. Wọn ò nílò ọlọ́pàá, wọn ò nílò ẹ̀wọ̀n. Tí ẹnì kan bá yán ní gbangba níbẹ̀, gbogbo èèyàn á rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ó ti ní ìjàngbọ̀n pẹ̀lú ìjọba. Ìyá á fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ tó ń yán torí oorun. Nígbà tí mo kọ gbólóhùn ìyá àti ọmọ yẹn tán, mo mọ̀ pé ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ibi tó kàn tí mo ti ṣìnà ni pé mo ní mínísítà kan nínú ìtàn náà, ọ̀dájú, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé oògùn yẹn jáde láti fi de àwọn èèyàn mọ́lẹ̀, tó máa ń dá rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì ẹ̀. Ìgbà tí mo wá ka ìtàn àwọn oògùn tó wà lóòótọ́, ojú tì mí. Ayé ò nílò irú mínísítà yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1804, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ oògùn pípò ní Jámánì, Friedrich Sertürner, yọ mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, jáde lára ópíọ̀mù, oje ewéko poppy, ó fi orúkọ òrìṣà àlá àwọn Gíríìkì, Morpheus, sọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́ gan, ó sì di bárakú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 1898 ilé iṣẹ́ Bayer wá gbé oògùn ikọ́ tuntun jáde, wọ́n ní kò ní mú èèyàn ṣẹrú bíi mọ́fíìnì, orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò ni Heroin. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò ṣì í gbọ́, orúkọ ọjà ni, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ó wá di 1996, ilé iṣẹ́ oògùn Purdue Pharma ní Amẹ́ríkà gbé oògùn ìrora OxyContin jáde, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé bó ṣe ń rọra wọ inú ara díẹ̀díẹ̀ yẹn, ìgbàgbọ́ wà pé ó máa dín àṣìlò ẹ̀ kù. Ní 2007 ilé iṣẹ́ náà gbà ní kóòtù pé àwọn jẹ̀bi, pé àwọn tan àwọn dókítà jẹ lórí bó ṣe lè di bárakú, owó tí wọ́n ní kí wọ́n san tó 600 mílíọ̀nù dọ́là. Gbogbo ìgbà ni tuntun ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá gbà wá lọ́wọ́ ti àtijọ́.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀, dùn mọ́ mi bí òǹkọ̀wé ṣá, ni lẹ́tà kan. Ó jáde ní 1980 nínú New England Journal of Medicine, ìwé tí àwọn dókítà gbójú lé gan, gbólóhùn márùn-ún péré ni. Ó ní nínú aláìsàn 11,882 tó gba irú oògùn yìí ní ọsibítù, àwọn mẹ́rin péré ló hàn pé ó di bárakú fún. Ní ọsibítù o! Àwọn tí nọ́ọ̀sì dúró tì lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó gbé odindi ìgò lọ sílé fún oṣù mẹ́fà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí i pé ẹ wò ó, wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀, kò léwu. Nígbà tí àwọn kan máa ka iye ìwé tó tọ́ka sí i ní 2017, ó ti kọjá 600, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì sọ pé inú ọsibítù lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Báyìí ni mo ṣe lé mínísítà mi lọ. Ohun tí mo fi síbẹ̀ dípò ẹ̀ ni bébà kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pín Ìtura, ó ti pupa látàrí pípẹ́, ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀ ní "Kò léwu", ìlà tó kù ti parẹ́, kò sì sẹ́ni tó tíì béèrè ohun tó wà níbẹ̀ rí.

Àǹtí mi fẹ́ràn èyí, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn inú ìtàn mi ò ní ara. Mo ní kí lẹ ń sọ? Wọ́n ní ẹni tó bá ń lo oògùn yìí, a máa ń rí i lára ẹ̀, pé èmi kàn ń kọ nípa ọkàn, ọkàn, ọkàn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo máa sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Nínú ọpọlọ wa àti nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn ibì kan wà tó dà bí àgádágodo, ní 1973 ni àwọn onímọ̀ fi hàn gbangba pé wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n wá bi ara wọn pé ṣé torí ópíọ̀mù ni ara ṣe ṣe àgádágodo síbẹ̀ ni? Ní 1975 wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ tí ara fúnra ẹ̀ ń rọ. Oògùn yìí jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àjèjì tó bá ihò ẹ̀ mu. Tó bá wá ń ṣí i lójoojúmọ́, àgádágodo á bẹ̀rẹ̀ sí í le, èyí tó ṣí i lánàá ò ní ṣí i mọ́, èèyàn á máa fi kún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo lára ló ń le bákan náà, ibi tí adùn ẹ̀ wà á le kíákíá, ìfun ò ní le ní tiẹ̀. Ẹni tó ti lò ó fún ọdún márùn-ún lè má gbádùn nǹkan kan mọ́ nínú ẹ̀, àmọ́ àìrígbẹ́yà ẹ̀ ṣì wà digbí. Ọmọlójú náà, á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kódà nínú òkùnkùn. Mo wá fi àwọn ẹ̀ṣọ́ kan síbẹ̀ tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú àwọn èèyàn lẹ́nu géètì. Ẹni tí ọmọlójú ẹ̀ bá tóbi ni wọ́n ń mú, torí ìyẹn ò lo tiẹ̀ lónìí, ẹni tí kò lò ó ń ronú. Ti àìrígbẹ́yà, mo ní rárá, mi ò kọ ìyẹn. Ìtàn tó wúwo ni mò ń kọ, èèyàn ò lè máa wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri nínú ẹ̀. Àǹtí mi ní òótọ́ ni mò ń sá fún. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán láàárín wa.

Èyí tó mú mi lójú jù ni ohun tí wọ́n sọ fún mi bí ẹni ń sọ nǹkan kékeré. Wọ́n ní fún àwọn kan, tí wọ́n bá ti lò ó pẹ́, tí wọ́n sì ń lò ó púpọ̀, oògùn yẹn fúnra ẹ̀ á máa pọ́n ìrora wọn bí ọ̀bẹ. Ohun tí kì í dùn wọ́n tẹ́lẹ̀ á máa dùn wọ́n. Aláìsàn á ní ẹ fi kún un, dókítà á fi kún un, á tún burú sí i. Mo fi fóònù sílẹ̀, mo jókòó. Mo ti ń fi ọ̀pọ̀ oṣù wá ohun tó máa jẹ́ kí ìlú mi burú kọjá àfẹnusọ, òun ló wà ní wọ́ọ̀dù àǹtí mi látọjọ́ yìí.

Wúrà lorúkọ obìnrin tí ìtàn mi dá lé lórí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì ló ti ń ṣiṣẹ́, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló ń dùn ún. Nínú ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, Wúrà ń pariwo. Nínú èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ó kàn ń fọ aṣọ. Ó ki ọwọ́ bọ omi, omi lásán tí kò gbóná tí kò tutù, ó fa ọwọ́ yọ. Ó wo omi yẹn. Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ ọ wò, kò sí nǹkan kan. Ó tún fi ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó dà bí ẹni pé àfọ́kù gíláàsì ló wà nínú bàsíà náà. Ó da omi nù, ó fa òmíràn, ó sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ. Ìgbà kẹta ló tó wá yé e pé kì í ṣe omi. Kò pariwo, ó sá aṣọ tí kò mọ́ sórí okùn, kí àwọn ará ilé má bàa béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Àwọn tó ti ka ìtàn náà máa ń bi mí pé ibo ni mo ti rí káàdì ìrora, èyí tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ìrora èèyàn sí nínú ìtàn náà. Kò sí ohun tí mo hùmọ̀ níbẹ̀ jàre. Ṣebí ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí ní ọsibítù, láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín? Ìbéèrè tó dáa ni, torí ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ó sì pẹ́ tí wọn kì í béèrè rárá. Láti àárín àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà ìrora ní Amẹ́ríkà ń polongo pé kí wọ́n máa wọn ìrora bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìgbóná ara, ìlùkìkì ọkàn àti èémí. Ohun tí mo kàn ṣe ni pé mo so nọ́ńbà yẹn mọ́ iye tábúlẹ́ẹ̀tì. Ní ìlú Wúrà, òdo sí mẹ́ta, wọn ò fún ẹ ní nǹkan kan. Mẹ́jọ, méjì. Mẹ́wàá, wọ́n á gbé ẹ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dé. Torí náà gbogbo ìlú ń sọ pé mẹ́jọ. Ìyá kan wà lórí ìlà tó ń kọ́ ọmọ ẹ̀, "Tí wọ́n bá bi ẹ́, má ní ó ń dùn ẹ́ gan. Mẹ́jọ lo máa sọ. Ṣé o gbọ́? Mẹ́jọ." Ọmọ yẹn ní orí tó ń fọ́ ọ lóòótọ́, mẹ́wàá gangan ni. Mẹ́jọ ló sọ.

Ìparí ìtàn ló fa ìjà gidi. Mo ti kọ ọ́ pé Wúrà dáná sun ilé iṣẹ́ oògùn náà, gbogbo ìlú jó, wọ́n di òmìnira. Àǹtí mi ka a, inú bí wọn, mi ò rí i kí inú bí wọn báyẹn rí. Wọ́n ní, "Àwọn tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun wọn ńkọ́? Ìwọ tí wọ́n fi irin sí lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ta lo dáná sun fún?" Mi ò ní èsì. Wọ́n ní àwọn ti rí i, nígbà tí ojú là sí aburú oògùn yìí, àwọn dókítà kan bẹ̀rù, wọ́n gé aláìsàn wọn kúrò lórí ẹ̀ lójijì, àwọn tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń dìde nílẹ̀. Mo wò ó, lóòótọ́ ni, ní oṣù kẹrin 2019 àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, ní láti kìlọ̀ pé kí wọ́n má máa dá a dúró lójijì fún ẹni tí ara ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, pé ó lè dá ìrora tó le gan sílẹ̀, kódà ó lè mú kéèyàn pa ara ẹ̀.

Níbi tí mo ti ń wo ìyẹn ni mo ti bá ohun tó tún burú jù ú lọ pàdé. Ní 2017, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ṣe ìṣirò mọ́fíìnì àti irú ẹ̀ tí wọ́n ń pín káàkiri ayé lọ́dọọdún, ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 298.5. Ìdá tó dé àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù jẹ́ tọ́ọ̀nù 0.1. Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé wọ́n ṣì í tẹ̀ ni. Mọ́fíìnì tí kò wọ́n, tó wà lára àwọn oògùn kòṣeémáàní tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tò sílẹ̀ láti 1977. Àwọn kan ń rì sínú ẹ̀, àwọn kan ń kú sínú igbe láìrí ẹ̀kán ẹ̀. Mo wá fi ìlú kejì sí òdìkejì odò nínú ìtàn náà, ìlú tí Ìtura kì í dé. Lálẹ́, àwọn ará ìlú Wúrà máa ń gbọ́ ohùn kan láti ọ̀hún, wọ́n rò pé atẹ́gùn ni. Kò sí iná tó jó mọ́. Wúrà kọjá odò pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì tó ti ń kó pamọ́, òun fúnra ẹ̀ ń yán, imú ẹ̀ ń ṣomi, ó di mọ́kànlélógún nínú àpò, ó sì ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò mọ̀ rí.

Mi ò tíì sọ ti àbúrò Wúrà, òun ló ṣòro jù fún mi láti kọ. Wọ́n ti ọmọ náà mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, wọn ò fún un ní nǹkan kan, ó jìyà, ara ẹ̀ mọ́. Ó jáde, ó sanra díẹ̀, inú gbogbo ilé dùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó lo iye tó máa ń lò tẹ́lẹ̀. Bó ṣe máa ń rí lóòótọ́ nìyẹn, àgádágodo tó le yẹn ti rọ̀ padà, iye tí kì í ṣe é ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti wá tó pa á, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ téèyàn jáde lẹ́wọ̀n wà lára ìgbà tó léwu jù. Oògùn yìí kì í pa èèyàn pẹ̀lú ariwo, mímí ló máa ń gbàgbé. Mo ní kí àǹtí mi sọ bó ṣe máa ń dún fún mi, wọ́n ní bí ẹni tó ń hanrun ni, tó ń jìn síra, tí ará ilé á ní ẹ jẹ́ kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Wúrà ń ka àlàfo àárín hanrun kan sí èkejì. Ó ka mẹ́fà. Ó ka mọ́kànlá.

Oògùn tó ń jí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, naloxone, láti 1971 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, á lé kọ́kọ́rọ́ àjèjì yẹn kúrò nínú ihò, ẹni tó ti ń lọ á fa èémí, á sì sábà fi ìbínú jí torí gbogbo adùn ẹ̀ ti lọ lójijì. Mo fi irú ẹ̀ sínú ìtàn, ìkan ṣoṣo, lọ́wọ́ aládùúgbò kan. Ọmọ náà jí, ó bú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ibẹ̀ ni mo parí ẹ̀ sí. Àǹtí mi ní, "Wákàtí mélòó ni oògùn tí o fi jí i ń lò lára?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan àbọ̀, pé èyí tó gbé mì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó lè tún rì padà, a kì í fi wọ́n sílẹ̀ lọ sùn. Mo padà lọ kọ ìyókù. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n pa iná, Wúrà nìkan ló jókòó tì í nínú òkùnkùn, ó ń gbọ́ hanrun, kò sì sí òmíràn mọ́ nínú ilé.

Mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pè. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fọn imú. Wọ́n ní orí tó wà fún àbúrò yẹn, kí n má fọwọ́ kàn án mọ́ láé. Mo dúpẹ́. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n Wúrà yìí, odindi ọdún mẹ́fà ló fi ń lo Dákẹ́, mo ka a látòkè délẹ̀, kò dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ráhùn."

Mo ti ń kọ ọ́ báyìí. Ó ti di ojú ìwé méjì.